Ṣé Òróró Olóòórùn Lè Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Pọ́ǹpù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kétu ni mò ń gbé. Màmá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gààrí ni wọ́n ń yan láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wọn kò sì fẹnu kan sìgá rí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èémí wọn ti ń kúrú. Bí wọ́n bá rìn láti ilé dé ojú títì, àfi kí wọ́n dúró mí. Dókítà ní BPCO ni, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan, ó sì fún wọn ní Ventoline, pọ́ǹpù tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Àbúrò mi tó wà ní ilẹ̀ Faransé wá fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ tó ń fọ́n òórùn sínú yàrá, pẹ̀lú òróró yúkálípítọ́ọ̀sì àti ti lafáńdà. Ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò náà ta igo kan fún mi. Ó ní kí Màmá máa kán ẹ̀kán mẹ́ta sórí ahọ́n láràárọ̀, pé kí oṣù kan tó pé, wọ́n á ti ju pọ́ǹpù nù. Màmá fẹ́ràn òórùn rẹ̀, wọ́n ní àyà àwọn ń ṣí. Yàrá kan náà ni èmi, Màmá àti ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ jọ ń sùn. Ṣé kí a máa lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, ìyá ìkókó. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, àwọn ènìyàn sì máa ń gbé irú igo bẹ́ẹ̀ wá síwájú mi pé kí n bá àwọn ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí òun ló léwu jù. Ẹ má kán òróró kankan sórí ahọ́n Màmá mọ́, ì báà jẹ́ ti ọlọ́jà inú mọ́tò, ì báà jẹ́ èyí tó ti Faransé wá. Ohun tó wà nínú igo kékeré yẹn yàtọ̀ pátápátá sí omi àgbo. Ewé rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ooru omi fún kí òróró díẹ̀ tó jáde, nítorí náà agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí òróró yúkálípítọ́ọ̀sì bá wọ inú ikùn, ó lè fa èébì, ó lè mú kí oorun gbé ènìyàn lọ lójijì, ó sì lè fa gìrì. Fún ọmọdé, ohun tí kò kún ṣíbí tíì kan ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ewu mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ẹni tó ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ ń já, lè fà á gba ọ̀nà òdì, kí òróró náà sì wọ ẹ̀dọ̀fóró dípò ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ bó ṣe ń gbé òróró jáde. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí ibẹ̀ yóò sì máa wú.

Pọ́ǹpù ńkọ́? Kò kúrò níbi tó wà, lóṣù kan tàbí lọ́dún kan.

Ìdí rẹ̀ nìyí. BPCO jẹ́ àìsàn tí ọ̀nà èémí ti dín, tí ara rẹ̀ ti nípọn, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń kún un. Èéfín ló sábà máa ń fà á. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé èéfín sìgá nìkan ni, wọ́n á wá máa yà lẹ́nu pé ìyá àgbà tí kò mu sìgá rí ní in. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó nídìí agbada gààrí láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá, tí igi tí kò gbẹ dáadáa ń rú èéfín sí i lójú láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí, kí lẹ rò pé ó ń fà símú? Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ikú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta sí àìsàn yìí lọ́rùn lọ́dún 2019, wọ́n sì fi sí ipò kẹta nínú ohun tó pa ènìyàn jù láyé lọ́dún náà. Ibi tó ti bàjẹ́ kì í padà sípò mọ́. Èyí tó kù la lè dáàbò bò.

Ìgbà tí ènìyàn bá ń mí síta gan-an ni wàhálà máa ń wà. Afẹ́fẹ́ wọlé, kò tíì rí ọ̀nà jáde tán tí òmíràn fi ń wọlé tẹ̀ lé e. Bí Màmá bá ń yára tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, èémí á máa sáré, èyí tó há sínú á máa pọ̀ sí i, àyà á kún dẹ́nu. Ìgbà yẹn lẹ máa ń rí i tí wọ́n ń fi èjìká mí, tí kòtò ọrùn wọn ń wọlé tó ń jáde. Oògùn tó wà nínú Ventoline, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sabútámọ́ọ̀lù, máa ń tú iṣan tó fún ọ̀nà èémí mọ́ra. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ a sì máa lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò sí òórùn inú igo kankan tí mo lè sọ fún yín pé kí ẹ gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́.

Kí ló wá dé tí Màmá fi ní àyà àwọn ń ṣí? Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ má sì bá wọn jiyàn.

Inú imú wa, ẹ̀yìn ọ̀fun wa àti awọ ojú wa kún fún àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń mọ òtútù. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ kọjá lára wọn, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù, èyí tó wà nínú ewé míǹtì àti nínú báàmù tí à ń fi pa àyà, mọ bó ṣe ń jí àwọn iṣan wọ̀nyí láìsí òtútù rárá. Sínéólì, tó pọ̀ jù nínú òróró yúkálípítọ́ọ̀sì, náà mọ̀ ọ́n ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ á gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀, ọkàn á sì rọlẹ̀. Lọ́dún 1983, àwọn olùwádìí méjì, Ron Eccles àti A. S. Jones, gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fín mẹ́ńtọ́ọ̀lù símú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba imú wọn kọjá. Ọ̀nà imú kò gbòòrò sí i, àmọ́ àwọn tó fín in ní imú àwọn ti là.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á ní ẹ̀tàn ni nígbà náà, kí ẹ da òróró náà nù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìnira èémí kúkúrú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ìpayà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìpayà ló sì ń mú kí èémí sáré, kí afẹ́fẹ́ há sínú sí i. Ohun tó bá pẹ̀tù sí ìpayà náà ti ran aláìsàn lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀nà èémí. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni pé ara lè máa sọ fún Màmá pé ó ti dáa nígbà tí ètè wọn ti ń ṣú. Ẹni tó bá ti gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́ kì í wá pọ́ǹpù rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí èémí bá há mọ́ wọn láyà, pọ́ǹpù ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ bà. Òórùn lè wá lẹ́yìn náà, nígbà tí èémí bá ti ń rọlẹ̀, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Abẹ̀bẹ̀ ńkọ́ o? Mo mọ̀ pé ó wà nílé yín. Iṣan tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń jí yẹn, afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ ń jí àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà lójú, òtútù tirẹ̀ sì jẹ́ òtútù gidi. Lọ́dún 2010, Galbraith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 50 tí èémí ń ni lára. Wọ́n ní kí wọ́n fi fáànù kékeré alọ́wọ́ fẹ́ ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sì fẹ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà mìíràn. Èyí tí wọ́n fẹ́ sí ojú dín ìnira èémí kù ju ti ẹsẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí púpọ̀, torí pé abẹ̀bẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ kò gbówó lórí, kì í mú ẹnikẹ́ni wúkọ́, kò ní májèlé nínú, ọmọdé tó bá sì fi ṣeré kò ní gba ibẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rọ èémí ló gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí Màmá jókòó sórí àga, kì í ṣe àpótí kékeré ìdí ààrò. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n gbé ìgúnpá méjèèjì lé orí itan tàbí lé orí tábìlì, torí ìjókòó yẹn ń fún iṣan àyà láyè láti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má na ẹ̀yìn sílẹ̀ gbalaja. Ẹ tú ọjá àyà wọn, ẹ sì bá wọn tú gèlè bó bá fún. Kí ẹlòmíràn máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún wọn, kí apá tiwọn má baà rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà máa bà wọ́n láàárín imú àti ètè òkè, àti lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, kí wọ́n wá su ètè jọ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí wọ́n tú u síta díẹ̀díẹ̀ láìfi agbára tì í. Kí ìtúsíta pẹ́ tó ìlọ́po méjì ìfàwọlé. Ètè tí wọ́n su jọ yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀nà èémí kéékèèké tètè pa dé, kí èyí tó há sínú lè ráyè jáde. Ẹ kọ́ wọn ní ọjọ́ tí ara wọn yá. Ọjọ́ tí ìpayà bá dé, etí kì í gba ẹ̀kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín ti gbọ́ níbì kan pé wọ́n ti fi yúkálípítọ́ọ̀sì tọ́jú BPCO. Ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ní Jámánì, Worth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009 lórí ènìyàn 242 tó ní BPCO. Fún oṣù mẹ́fà, apá kan nínú wọn ń gbé kápúsù sínéólì mì, mílígíráàmù 200 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, apá kejì ń gbé kápúsù tí kò ní oògùn nínú mì. Àìsàn náà kò ru sókè lára àwọn tó lo sínéólì tó bó ṣe ru sókè lára àwọn yòókù. Ìwádìí gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú mọ́tò. Àmọ́ kápúsù tí wọ́n ti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, tí kì í tú àfi tó bá dé ìfun, dókítà ló sì ń ṣọ́ wọn. Wọ́n lò ó lórí oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀. Kò jọ ẹ̀kán mẹ́ta láti inú igo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó pò ó, kò sì jọ fífín in símú náà.

Lórí lafáńdà, mi ò ní pẹ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn àti oorun ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìwádìí kéékèèké kan ní ó ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí Màmá bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ewé ẹfinrin tútù tí wọ́n fọwọ́ ra tàbí koóko ọba ni wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ já a fún wọn. Lójú tèmi, òórùn tí ènìyàn ti mọ̀ láti kékeré máa ń tètè fi ọkàn balẹ̀ ju òórùn àjèjì lọ. Tíì koóko ọba tó lọ́wọ́ọ́wọ́ náà dára fún ọ̀fun, wọ́n lè mu ún.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ yẹn ni mo ń rò láti ìgbà tí mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ má tan ẹ̀rọ òórùn yẹn nínú yàrá tí ó ń sùn, rárá o. Ọ̀fun ọmọ ìkókó yàtọ̀ sí tàgbà. Bí mẹ́ńtọ́ọ̀lù bá sún mọ́ imú rẹ̀, ọ̀fun lè pa dé lójijì, kí èémí sì dáwọ́ dúró. Káńfọ̀, tó máa ń wà nínú báàmù, lè fa gìrì fún un, yúkálípítọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ní Faransé tí ẹ̀rọ yín ti wá, láti ọdún 2011 ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ láti fi oògùn tí wọ́n ń tì bọ ìdí, tó ní irú àwọn nǹkan wọ̀nyí, fún ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n oṣù. Báàmù tí ẹ fi ń pa àyà Màmá, ẹ má fi pa àyà ọmọ, ẹ má sì gbé ọmọ mọ́ àyà Màmá nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ni kí ẹ fi igo wọ̀nyẹn pa mọ́ sí, tó bá ṣeé ṣe kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Bí Màmá bá ṣì fẹ́ òórùn wọn, ọ̀nà tó rọrùn jù, tí kò sì da ilé rú, ni aṣọ ìnujú. Ẹ kán ẹ̀kán kan, ẹyọ kan ṣoṣo, sí i, kí Màmá mú un jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí wọ́n jẹ́ kó jìnnà sí imú díẹ̀, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí pọ́ǹpù wà nítòsí, kí ẹ sì dúró ti wọn. Àwọn ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí òórùn líle máa ń bí nínú, pàápàá ti ẹni tó ní ikọ́ efée (asthme) mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí àyà bá ń há, tí ẹ bá gbọ́ tí èémí ń súfèé, ọ̀rọ̀ òróró parí fún wọn nìyẹn, ẹ má tún dán an wò pé bóyá ara á mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní gìrì tàbí wárápá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ yúkálípítọ́ọ̀sì àti káńfọ̀, aboyún sì gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lò wọ́n. Ẹ̀rọ náà, bí ẹ kò bá fẹ́ kó lọ sí àgbàlá ìdọ̀tí, ẹ lè tàn án nínú pálọ̀ nígbà tí ọmọ kò sí nílé, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹ̀kán méjì nínú omi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ pa á. Ẹ má tàn án mọ́jú.

Ẹ má fi báàmù sínú ihò imú. Òróró tó wà nínú rẹ̀ máa ń yọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí Màmá máa lo ọ́síjìn, báàmù àti òróró kò gbọ́dọ̀ sí lójú wọn, iná kò sì gbọ́dọ̀ sí nítòsí, torí ọ́síjìn máa ń mú kí nǹkan gbiná kíákíá.

Ti kí wọ́n da aṣọ borí, kí wọ́n fojú lé ooru omi gbígbóná, tí gbogbo wa ṣe ní ìgbà kòrónà, mi ò fọwọ́ sí i fún ilé yín. Ooru náà lè mú ikọ́ ru sókè lára ẹni tó ní BPCO. Ju ìyẹn lọ, ọmọ oṣù mẹ́jọ ti ń rá, ó sì ń di ohunkóhun tó bá rí mú dìde. Ìkòkò omi híhó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú yàrá tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà! Ẹ fojú inú wò ó.

Nípa igo ti ọkùnrin inú mọ́tò: òróró tó bá jẹ́ ojúlówó máa ń wà nínú ìgò dúdú. Wọ́n máa ń kọ orúkọ igi tàbí ewé náà ní èdè Látìn sí i lára, bíi Eucalyptus globulus tàbí Eucalyptus radiata. Wọ́n á kọ apá ibi tí wọ́n lò lára igi náà, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ti ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí ohun tó wà lára tiyín bá jẹ́ àwòrán ewé àti ọ̀rọ̀ pé ó ń wo ikọ́, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn ríro pa pọ̀, owó yín ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi ara Màmá wá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi owó àti agbára yín ṣe ju òróró lọ ni ọ̀rọ̀ èéfín. Mo máa ń rí àwọn tó ń sun ewé yúkálípítọ́ọ̀sì nínú yàrá aláìsàn pé òórùn rẹ̀ á la àyà. Èéfín ni èéfín ń jẹ́, ewé yòówù kó ti wá. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà èéfín ni, ẹ fi néètì rọ́pò rẹ̀. Tùràrí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ ní Àjàṣẹ́ wa níbí tí Ọ̀ṣọ́fà ti bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Sẹ̀lẹ́ lọ́dún 1947, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé mùsùlùmí náà kì í fi tùràrí ṣeré. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Kí Màmá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń sun ún pé èémí ń ni àwọn lára. Ní ti gààrí, kí wọ́n dìde nídìí agbada. Bí yíyan rẹ̀ bá ṣì gbọ́dọ̀ wáyé nínú agboolé, ìta gbangba ni kó ti wáyé, kí igi gbẹ kanrankanran, kí Màmá wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Wọ́n lè bójú tó ríra ẹ̀gẹ́ àti títa gààrí láìfara kan iná. Bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo imú nítorí eruku.

Ó ku ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, torí ó ń ṣe mí bíi pé ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú mọ́tò fi wọ̀ yín létí ni pé pọ́ǹpù kò fi bẹ́ẹ̀ ran Màmá lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n lò ó lójú yín, kí ẹ sì máa wo ẹnu wọn. Bí ẹ bá rí ìkùukùu funfun tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè tàbí nímú, oògùn yẹn kò dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí mo sábà máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé Ventoline kò jẹ́ fún àwọn nìyẹn: wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ahọ́n, wọ́n á pa ẹnu dé. Kí Màmá kọ́kọ́ mi pọ́ǹpù náà dáadáa, kí wọ́n mí síta, kí wọ́n fi ètè di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kí wọ́n fà á títí àyà á fi kún, kí wọ́n sé èémí bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí dókítà bá ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó tó bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó tẹ ìkejì.

Ọwọ́ àgbà àti èémí wọn kì í sábà bára mu lórí iṣẹ́ yìí. Ike kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín pọ́ǹpù àti ẹnu fún irú wọn, ẹ bèèrè rẹ̀ ní fámásì. Bí ẹ kò bá rí i, tàbí tí owó rẹ̀ bá ga, igo omi Possotomè kékeré lè ṣe é. Lọ́dún 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà dán igo oníke tó ń gba ìdajì lítà wò fún àwọn ọmọ tí ikọ́ efée kọ lù, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ti ike olówó ńlá. Ẹ fi irin gbígbóná lu ìdí igo náà kí ó fi bá ẹnu pọ́ǹpù mu gẹ́lẹ́, láìsí àlàfo. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀, torí bí ẹ bá nù ún, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Màmá á fi ẹnu mú ọrùn igo, ẹ̀yin á tẹ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mí wọlé mí síta jẹ́jẹ́ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láìgbé ẹnu kúrò.

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, láìwo òru, bí wọn kò bá lè parí gbólóhùn kan láìdúró mí, bí ètè tàbí èékánná bá ń ṣú, bí oorun bá ń kùn wọ́n lọ́nà tí kò yéni tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá já gaara mọ́, tàbí bí wọ́n bá ti lo pọ́ǹpù bó ṣe yẹ tí kò sì rọlẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ sí i tó sì yí àwọ̀ padà, ibà, ẹsẹ̀ tó wú, ìwọ̀nyí lè dúró di òwúrọ̀, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níwájú yín rárá.

Ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè méjì nígbà tí ẹ bá padà lọ. Àkọ́kọ́, ṣé wọ́n ti ní kí Màmá fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró? Òun ni ẹ̀rí BPCO. Bí kò bá sí lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀dọ̀fóró ìjọba tó wà ní Akpakpa ní Kútọnu. Ìkejì, ṣé wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò fún ikọ́ ife (tuberculose)? Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì yẹ fún àyẹ̀wò yẹn, ẹni tó bá sì ní in, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní Benin. Ìkókó wà nínú yàrá yẹn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè kejì yìí pẹ́. Ẹ kó pọ́ǹpù àti gbogbo igo òróró yẹn dání nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí Màmá ti ń lò.